Ta Ni Ká Fi Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Kọ̀ǹpútà Ilé Wa?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ẹni tí Ó fún wa ní ojú láti fi ríran, etí láti fi gbọ́ràn, àti ọkàn láti fi mọ ìyàtọ̀ láàrin òtítọ́ àti irọ́. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà inú ilé wa ni, àti nípa ohun tí wọ́n ń pè ní ad blocker, èyí tí àwa yóò máa pè ní adènà ìpolówó. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ ojú ni, ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ àmánà sì ni pẹ̀lú.

ÀLEJÒ TÍ KÒ KAN ILẸ̀KÙN

Nínú Súrà An-Nur, áyà 27 àti 28, Ọlọ́hun kọ̀ fún onígbàgbọ́ òdodo láti wọ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda, láìsì kí àwọn onílé. Bí wọ́n bá sì ní kí ó padà, kí ó padà ni. Sahl ọmọ Sa'd (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbà á wá fún wa, ó sì wà nínú Bukhari àti Muslim, pé ọkùnrin kan yọjú wo inú ilé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun láti inú ihò kan. Òòyà irin kan wà lọ́wọ́ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) nígbà náà. Ó jẹ́ kí ọkùnrin náà mọ̀ pé bí òun bá ti mọ̀ pé ó ń yọjú wo òun ni, òun ìbá fi òòyà náà gún un lójú. Ó sì là á yé e pé nítorí ojú gan-an ni a ṣe fi gbígba ìyọ̀ǹda lélẹ̀.

Ẹ kíyè sí bí Súrà yìí ti tò ó. Áyà tí ó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn ni ó ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni áyà 30 àti 31 dé, níbi tí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ fún onígbàgbọ́ lọ́kùnrin, lẹ́yìn náà fún onígbàgbọ́ lóbìnrin, pé kí wọn rẹ ojú wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọ́ ojú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ wá wo kọ̀ǹpútà tí ó wà ní pálọ̀ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó láti wá ìbéèrè ìdánwò ọdún tí ó kọjá, tàbí kí ó gba wáásí àáfà kan sílẹ̀. Kí ó tó ka ìlà méjì, àwọn onítẹ́tẹ́ ti yọjú, wọ́n ní kí ó wá ta bọ́ọ̀lù. Obìnrin tí aṣọ rẹ̀ kò bo ara rẹ̀ ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹni tí ń yáni lówó èlé ti wà nísàlẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́ta ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ download sí, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó sì jẹ́ òótọ́. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí tí ó kan ilẹ̀kùn. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń wò.

Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ nìyí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1994 ni HotWired ní Amẹ́ríkà gbé ìpolówó AT&T sí ojú ìwé rẹ̀, ó sì wà lára àwọn ìpolówó àkọ́kọ́ tí ó ní àwòrán gbọọrọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà, bíi pátákó ẹ̀bá ọ̀nà ni ó rí: ohun tí èmi rí náà ni ìwọ rí. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti ṣí ojú ìwé kan báyìí, yóò ké sí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tí a kò mọ̀ rí. Wọn yóò wo ẹni tí a jẹ́, ibi tí a wà, àti ohun tí a ti wò ṣáájú. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé ojú wa sí gbànjo, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò sì fi ọjà rẹ̀ hàn wá. Ọlọ́hun kọ títọpinpin ara ẹni nínú Súrà Al-Hujurat, áyà 12. Ohun tí ọkùnrin yẹn fi ojú lásán ṣe ní ẹnu ihò ni àwọn wọ̀nyí ń fi ẹ̀rọ ṣe tọ̀sán-tòru.

Bẹ́ẹ̀ náà ni olè máa ń bá wọn wọlé. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìpolówó tí ó gbé kòkòrò kọ̀ǹpútà dání jáde lójú ìwé àwọn ilé ìròyìn ńlá bíi New York Times àti BBC. Kì í ṣe àwọn onílé ìròyìn ni wọ́n fi í síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà ìpolówó ni ó gbà wọlé. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ máa ń ti gbogbo fáìlì ènìyàn pa, yóò sì béèrè owó kí ó tó ṣí i. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, FBI, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún ará ìlú pé àwọn ọ̀daràn ń ra ìpolówó, wọ́n ń fi ara wọn pe ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ènìyàn ni pé kí ó lo adènà ìpolówó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwa ẹlẹ́sìn nìkan ni èyí.

IṢẸ́ TÍ ADÈNÀ ÌPOLÓWÓ Ń ṢE

Adènà ìpolówó kì í ṣe idán. Irinṣẹ́ tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Chrome tàbí Firefox, ni à ń pè ní browser. Bí a bá ṣí ojú ìwé kan, ojú ìwé náà yóò rán browser pé kí ó lọ kó ọ̀rọ̀, àwòrán àti fídíò wá láti oríṣiríṣi àdírẹ́sì. Adènà ìpolówó ní ìwé kan lọ́wọ́ tí a kọ àdírẹ́sì àwọn onípolówó àti àwọn atọpinpin sí. Bí browser bá fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, yóò dá a dúró. Èyí tí ó gbajúmọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni EasyList, tí ó ti wà láti ọdún 2005. Ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Henrik Aasted Sørensen, ni ó ṣe Adblock àkọ́kọ́ ní ọdún 2002, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ti tẹ̀lé e láti ìgbà náà.

Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sí ojú nìkan. Ìpolówó tí a kò gbé wá kò lè jẹ dátà wa. Nílẹ̀ wa níbi tí a ti ń ra dátà ní díẹ̀díẹ̀, tí òbí ń rọ́jú kí ọmọ lè kàwé, jíjẹ́ kí fídíò onítẹ́tẹ́ máa jẹ owó náà kò jìnnà sí ìná-àpà tí Ọlọ́hun bu ẹnu àtẹ́ lù nínú Súrà Al-Isra, áyà 26 àti 27.

ALÁGBÁRA, OLÙFỌKÀNTÁN

Adènà ìpolówó pọ̀ lọ jàra, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. Èyí tí a bá kọ́kọ́ rí ni a ń gbé wọlé. Bẹ́ẹ̀ a kì í gba ọlọ́dẹ sí ilé kí á má bi í léèrè ibi tí ó ti wá.

Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé ti fi òṣùwọ̀n lé wa lọ́wọ́. Nínú Súrà Al-Qasas, áyà 26, nígbà tí Ànábì Musa dé Madyan tí ó ti bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi, ọ̀kan nínú wọn gba baba rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó gbà á síṣẹ́, nítorí pé ẹni tí ó dára jù láti gbà síṣẹ́ ni ẹni tí ó lágbára, tí ó sì ṣeé fọkàn tán. Nǹkan méjì ni ọmọbìnrin ọlọ́gbọ́n yìí kà sílẹ̀. Ọlọ́dẹ tí ó ṣeé fọkàn tán ṣùgbọ́n tí kò lágbára, olè yóò gbé e ṣubú. Ọlọ́dẹ tí ó lágbára ṣùgbọ́n tí kò ṣeé fọkàn tán, òun fúnra rẹ̀ ni olè.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ nípa agbára. Ibi méjì ni a lè fi aṣọ́nà sí. Àkọ́kọ́ ni ẹnu ọ̀nà yàrá, èyí ni adènà tí a so mọ́ browser. Èkejì ni géètì àgbàlá, èyí ni irú Pi-hole tàbí AdGuard DNS, tí ó ń dènà àdírẹ́sì àwọn onípolówó fún gbogbo ohun tí ó bá so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé, títí kan fóònù àti tẹlifíṣọ̀n. Ti géètì gbòòrò, ṣùgbọ́n kò rí inú ẹrù. Ìpolówó tí ó bá ti ibì kan náà wá pẹ̀lú ohun tí à ń wò, bí ti YouTube, yóò gbà á lọ́wọ́ kọjá. Ti ẹnu yàrá ń rí ohun tí ó wà nínú ẹrù. Ilé tí ó bá ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ti ẹnu yàrá tó o. Ilé tí ó bá ní fóònù mẹ́fà àti ọmọ wẹ́wẹ́, kí ó ní méjèèjì bí agbára bá ká a.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí á mọ̀ nípa Chrome. Láti ọdún 2024 títí wọ ọdún 2025 ni Google, tí ó ni Chrome, tí owó ìpolówó sì jẹ́ orísun tí ó tóbi jù nínú owó tí ń wọlé fún un, yí ètò tí àwọn adènà ń lò padà. Google sọ pé nítorí ààbò ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé uBlock Origin, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń yìn jù, kò ṣiṣẹ́ mọ́ nínú Chrome. Àbúrò rẹ̀, uBlock Origin Lite, ni ó wà níbẹ̀ báyìí, agbára rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀gbọ́n. Firefox kò lé uBlock Origin jáde.

Ní ti ìfọkàntán, ẹ fi ọkàn bá wa lọ. Aṣọ́nà ni ó ń rí gbogbo ẹni tí ń wọlé àti gbogbo ẹni tí ń jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn adènà wọ̀nyí máa ń béèrè àṣẹ láti ka gbogbo ojú ìwé tí a bá ṣí, kí wọ́n sì yí i padà. Ìyẹn ni pé wọ́n lè rí lẹ́tà wa, wọ́n lè rí ojú ìwé báńkì wa, wọ́n lè rí ohun tí a bi dókítà léèrè. Àmánà ńlá ni.

Àwọn kan sì ti da àmánà yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, AdGuard tú àṣírí àwọn ayédèrú adènà márùn-ún nínú ilé ìtajà Chrome, tí iye ènìyàn tí ó gbà wọ́n lé ní mílíọ̀nù 20. Wọ́n ń dènà ìpolówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe amí ẹni tí ń lò wọ́n. Ní ọdún 2020, ẹni tí ó ṣe Nano Adblocker tà á fún ẹlòmíràn. Láìpẹ́, àwọn tí ó rà á fi ọ̀rọ̀ àṣírí sínú rẹ̀ tí ó ń ṣe ohun tí onílé kò rán an. Orúkọ kò yí padà, àmì kò yí padà. Ọkàn tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó yí padà.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí á mọ̀. Adblock Plus, tí ilé iṣẹ́ Eyeo ní ìlú Cologne ní Jámánì ni, ti ń fi àyè sílẹ̀ láti ọdún 2011 fún àwọn ìpolówó kan tí ó pè ní èyí tí ó ṣeé gbà, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń san owó fún un lórí ètò náà. Wọn kò fi í pamọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè pa á nínú ètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ tí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn kan tí wọ́n fẹ́ wọlé, ó yẹ kí onílé mọ̀ kí ó tó sùn.

BÍ A Ó TI YÀN ÁN

Súrà Al-Hujurat, áyà 6, kọ́ wa pé kí á wádìí kí á tó gba ohun tí ẹni tí a kò mọ̀ sí olódodo bá gbé wá. Lórí èyí ni a gbé ìmọ̀ràn márùn-ún kalẹ̀.

Èkíní, ẹ wo orúkọ rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ sì wo orúkọ ẹni tí ó ṣe é. uBlock àti uBlock Origin kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. Raymond Hill ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 2014. Nígbà tí uBlock bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ń bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú orúkọ uBlock Origin. Ẹni tí kò bá ka ọ̀rọ̀ kejì yóò gba ẹlòmíràn sílé.

Èkejì, ẹ béèrè ibi tí ó ti ń jẹun. Ohun ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun burúkú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba owó lọ́wọ́ wa lè máa gbà á lọ́wọ́ àwọn tí à ń sá fún. Raymond Hill kì í gba owó ìtọrẹ rárá. Àwọn mìíràn ń ta tiwọn ní gbangba, ìyẹn náà mọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo bóyá iṣẹ́ inú rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè kà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ojú ń wo òun kò ní dà bí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀kan ni kí ẹ fi sí browser kan. Ọlọ́dẹ méjì ní ẹnu ọ̀nà kan yóò máa da iṣẹ́ ara wọn rú, ẹni tí ó lè da àmánà yóò sì di méjì.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ máa padà wò ó. Bí ó bá béèrè àṣẹ tuntun lójijì, tàbí tí ẹ gbọ́ pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ yọ ọ́ kúrò títí ẹ ó fi mọ ẹni tí ó rà á.

Bí ẹ bá bi wá léèrè pé èwo ni àwa yàn, uBlock Origin lórí Firefox ni a yàn fún kọ̀ǹpútà ilé. Fún ẹni tí kò lè fi Chrome sílẹ̀, uBlock Origin Lite ni. Agbára àti ìfọkàntán pàdé níbẹ̀ ju ibòmíràn tí a mọ̀ lọ.

NÍGBÀ TÍ ÀWA BÁ DI ÀLEJÒ

Ìbéèrè kan kù tí ọ̀dọ́ olódodo gbọ́dọ̀ béèrè. Ẹni tí ó kọ ìwé tí à ń kà lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́, tí ó jẹ́ pé owó ìpolówó ni ó fi ń jẹun? Ṣé a kò jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ báyìí?

Ilé ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Jámánì tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2018, nínú ẹjọ́ tí ilé ìròyìn Axel Springer pè, pé Adblock Plus kò rú òfin ìdíje ọjà. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí kì í dúró lórí ohun tí kóòtù gbà láàyè nìkan. Ìpolówó ọjà hàláàlì pẹ̀lú òtítọ́ kò ní ẹ̀gàn. Ànábì wa fúnra rẹ̀ ṣòwò. Kì í ṣe gbogbo onípolówó ni onítẹ́tẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni olè.

Ohun tí a rí nìyí. Kọ̀ǹpútà wa ni ilé wa. A ní ẹ̀tọ́ láti sọ ẹni tí yóò wọ ibẹ̀. Ojú ìwé ẹlòmíràn ni ilé tirẹ̀. Níbẹ̀, àwa ni àlejò. Bí onílé bá kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé ẹni tí kò bá gba ìpolówó òun láàyè kí ó má wọlé, áyà tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti dá wa lóhùn: bí a bá ní kí á padà, kí á padà. Kí á má ṣe wá ọgbọ́n àrékérekè láti gba ojú fèrèsé wọlé. Bí ìpolówó ibẹ̀ bá mọ́, kí á ṣí ilẹ̀kùn fún ojú ìwé yẹn nìkan. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà lára adènà, títẹ̀ ẹ́ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí onílé bá ń gba owó, tí a sì ní i, kí á san án. Ẹni tí ń béèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ gbogbo ayé kí wọ́n tó wọ ilé òun, tí òun kì í gba ìyọ̀ǹda kí ó tó wọ ti ẹlòmíràn, òṣùwọ̀n méjì ni ó ń lò.

AṢỌ́NÀ TÍ Ó WÀ NÍNÚ

Kí a tó dákẹ́, ẹ̀yin ará wa, kí á má ṣe tan ara wa jẹ. Adènà ìpolówó lè dá ẹni tí a kò pè dúró. Kò lè dá ẹni tí a fi ọwọ́ ara wa pè dúró. Ẹni tí ó bá jí lóru tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ ohun hàráàmù, kò sí irinṣẹ́ Raymond Hill tí yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Jarir ọmọ Abdullah bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun léèrè nípa ìwò òjijì, Ànábì sì pa á láṣẹ pé kí ó yí ojú rẹ̀ kúrò, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Muslim. Ohun tí adènà lè ṣe fún wa ni pé kí ìwò òjijì dín kù. Yíyí ojú kúrò, iṣẹ́ tiwa ni. Súrà Al-Isra, áyà 36, ti kìlọ̀ pé a ó bi wá léèrè nípa etí, ojú àti ọkàn. Nígbà náà, a kò ní lè sọ pé adènà wa ni kò lágbára.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ẹ bá àwọn òbí yín àti àwọn aládùúgbò yín ṣe é. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń wo wáásí lórí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ìpolówó tí ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àáfà kì í ṣe àáfà ni ó gbé e wá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà yín. Kí á má ṣe fi ojú kéré rẹ̀, nítorí pé mímú ohun ìnira kúrò ní ojú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́, gẹ́gẹ́ bí Ànábì wa ti kọ́ wa, íntánẹ́ẹ̀tì sì ti di ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ń tọ̀.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ilé wa, kí Ó bá wa ṣọ́ ojú wa, kí Ó fún wa ní ọkàn tí yóò máa bẹ̀rù Rẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn kò sí nínú yàrá. Kí Ó mú àwọn ọmọ wa kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń fi ojú wọn ṣòwò. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàhábà rẹ̀. Àmín.